Ọwọ́ mi ni mo fi gé àkàbà táǹkì rélùwéè

Wẹ́dà ni mí. Ní Ọ̀fà níbí, tí ẹ bá rí sitánṣọ̀n tí wọ́n gbé táǹkì dúdú lé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo jó o. Èyí tó bá ti wọ́, ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi, ẹlòmíì ló ṣe é. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń fi táǹkì jẹun ló fẹ́ sọ̀rọ̀ táǹkì lónìí, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé.

Ibùdó rélùwéè kékeré kan wà láàárín Ọ̀fà àti Ìlọrin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn irin àlòkù, náà ní fóònù, wọ́n sì mọ̀wé kà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ilé bíríkì kan tí páànù rẹ̀ ti ṣí lápá kan, igi dogoyárò méjì, àti táǹkì irin ńlá kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́fà. Táǹkì yẹn ló ń fún ọkọ̀ ojú irin lómi nígbà tó ṣì ń fi èédú rìn. Àwọn ọkọ̀ onídísù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní àwọn ọdún 1950, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn eléèédú. Kí n tó dáyé ni ọkọ̀ ti mu omi níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ọkọ̀ ń fi èédú rìn á rò pé èédú ló ń jẹ jù. Omi ni. Kílò èédú kan tó bá jó tán á ti sọ omi tó tó kílò mẹ́fà sí mẹ́jọ di ooru. Ooru yẹn á ti pisitini, pisitini á yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ooru á wá bá ihò èéfín jáde, fùú, fùú, fùú. Fùú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbọ́, omi ló ń lọ yẹn, kò sì ní padà. Bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró mumi. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nídìí omi, torí ojú irin kan ṣoṣo ló wà, òun náà ni ẹni tó ń ti Jẹ́bà bọ̀ àti ẹni tó ń ti Òṣogbo bọ̀ jọ ń lò. Ìdí tí wọ́n fi gbé táǹkì sókè nìyẹn, tí páìpù tó ti inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ fi nípọn tó itan àgbàlagbà: kí omi lè fi ìwúwo ara rẹ̀ ya wálẹ̀ wàrà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbé táǹkì yín sókè kí omi lè sáré dé ilé ìwẹ̀, ọgbọ́n kan náà lẹ ń dá.

Ojú irin yìí ti Èkó dé Ìbàdàn, wọ́n ṣí i ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀fà wà láàárín Òṣogbo àti Ìlọrin, ẹ fúnra yín lẹ ó ṣírò ìgbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ fun fèrè níbí. Ní Jẹ́bà, odò Ọya dábùú ọ̀nà. Orí omi ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá, títí wọ́n fi parí afárá ní 1916. Ọdún yẹn náà ni ojú irin Port Harcourt dé Enugu, tí èédú ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣáájú ìyẹn, òkè òkun lèédú ti ń wá. Èédú lè gun ọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú òyìnbó. Omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti rí omi fà ni wọ́n ń gbé táǹkì sí, ibi tí táǹkì bá wà lọkọ̀ máa dúró, ibi tọ́kọ̀ bá sì dúró làwọn ìyá wa máa gbé ẹ̀kọ àti wàrà lọ.

Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ pọ́ǹpù lójú irin yẹn. Bàbá Pọ́ǹpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí tó fi kú, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa omi odò sínú táǹkì, kó sì rí i pé kò gbẹ. Báwo ló ṣe ń mọ iye omi tó kù láìgun òkè? Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àgbá kékeré kan wà nínú táǹkì, wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa, ó ń léfòó lórí omi. Wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn. Ṣéènì yẹn gba orí púlì kan létí táǹkì, ó sì rọ̀ wálẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀. Níbi tí ṣéènì parí sí, wọ́n so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí orí ọfà, lára pátákó gígùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹ wá wò ó báyìí. Tí omi bá ń kún, àgbá ń gòkè. Bí àgbá ṣe ń gòkè, ṣéènì ń sọ irin ìtọ́ka wálẹ̀. Tí omi bá ń tán, irin á máa gòkè lọ. Nítorí náà, òdì ni nọ́ńbà ara pátákó yẹn wà: òdo wà lókè téńté, ẹ̀kún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àlejò tó bá dé á rí irin lókè, á ní omi ti kún. Táǹkì ti gbẹ kanlẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Pọ́ǹpù a máa sọ pé, "Irin balẹ̀, ọkàn balẹ̀." Ó sọ ọ́ sọ ọ́ títí ó fi di ọ̀rọ̀ ilé wa. Dòní olónìí, tí ọmọ bá jẹun yó nílé wa, kì í ní òun yó. Á ní, "Irin mi ti balẹ̀." Ìyàwó mi, ọmọ Òmù-Àrán, kọ́kọ́ rò pé awo kan ni ìdílé wa ń ṣe.

Ní 2003, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin kan wá bá ọ̀gá mi, ó mú ìwé kan dání tí sítáǹbù wà lára rẹ̀, ó ní òun ti ra irin àlòkù tó wà ní ibùdó yẹn. Ọ̀gá mi ò mọ̀wé. Èmi tí mo mọ̀wé kò ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà á. A gbé sílíńdà gáàsì àti àgbá kábáàdì sẹ́yìn píkọ́ọ̀bù, ó di ibẹ̀. Èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú àwa ọmọṣẹ́ mẹ́ta, èmi náà ni wọ́n ní kí n gùn ún.

Mo gun àkàbà yẹn dókè, mo jókòó sétí táǹkì bí ẹni gẹṣin. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni kí n máa gé àkàbà látòkè, kí n máa sọ̀ kalẹ̀ bí mo ṣe ń gé e. Kí n tó tanná, mo bojú wo inú. Ewé dogoyárò, ìtẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ àdán. Ṣùgbọ́n ara irin yẹn ni ojú mi dúró sí. Wọn ò jó táǹkì náà pọ̀. Wọ́n tò ó ni, láti ara awẹ́ irin onígun mẹ́rin, bí ẹni to awẹ́ obì padà sínú ara wọn. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fíìtì mẹ́rin níbùú, fíìtì mẹ́rin lóròó. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ àgbélébùú sí àárín rẹ̀, láti igun dé igun, kí omi má bàa mú kó yọ ikùn. Wọ́n ká etí rẹ̀ síta, bóòtù sì to lẹ́sẹẹsẹ sára etí yẹn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

Mo ké láti òkè: "Ọ̀gá, kò sójú jíjó kankan lára ẹ̀ o! Bóòtù ni gbogbo ẹ̀!"

Ọ̀gá mi dá mi lóhùn: "Àwọn tó ṣe é ò mọ̀ pé wọ́n máa bí ẹ ni. Gé nǹkan tá a ní kó o gé."

Mo gé e. Lẹ́yìn àkàbà, páìpù tó nípọn yẹn ló kàn, a gé e ku ìdí rẹ̀ lábẹ́ táǹkì. A gé ọ̀pá omi tó dúró létí ojú irin, èyí tó ní apá kan tí wọ́n máa ń yí wá sórí ọkọ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ bu omi fún àlejò. Níbi tí a ti ń fa páìpù ni ṣéènì ti já, irin ìtọ́ka sì bọ́ sínú koríko. Mo mú un, mo fi bọ àpò irinṣẹ́ mi, mi ò mọ ìdí. Wọ́n wọn irin, wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gá ra ìrẹsì fún wa, ó fún mi ní igba náírà. Lálẹ́, bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ Bàbá Pọ́ǹpù, bi mí níbi tá a ti ṣiṣẹ́. Mo ní Ẹ̀rìn-Ilé ni.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, oníbàárà kan ní kí n wá gbé táǹkì fún òun lábúlé kan lẹ́bàá ibẹ̀. Nígbà tí mo parí, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé mi ò ní bá nǹkan kan. Mo bá a. Àwọn awẹ́ wà lókè níbẹ̀ pé pérépéré, ìpẹtà ti kùn wọ́n bí osùn. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ dogoyárò, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nínú yàrá kan nínú ilé bíríkì yẹn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé irin lo wá rà?"

"Rárá o, sà."

"Tó bá jẹ́ irin lo wá rà, tètè máa lọ. Àwọn kan ti wá gé àkàbà ẹ̀ rí. Ọlọ́run á san án fún wọn."

Mo ní àmín. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ìgbà kẹta tí mo lọ kí i ni mo tó jẹ́wọ́. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo gé e. Ó dákẹ́ lọ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó wá bi mí pé, "Gáàsì lẹ fi gé e àbí búléèdì?" Mo ní gáàsì ni. Ó ní, "Ẹ gé e dáadáa. Ojú ẹ̀ mọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbà kí n gbé àkàbà ìṣọ́ọ̀bù mi wá, kí n gùn ún wò. Ohun tí mo bá nínú táǹkì yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti jẹrà, torí táǹkì tí kò lórùlé, tí òjò ń rọ̀ sí lọ́dọọdún, tí ewé ń jábọ́ sí, omi á máa gbé inú rẹ̀, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ látinú. Kò jẹrà. Nígbà tí a gé páìpù yẹn ní 2003, a fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ táǹkì, gbogbo òjò tó ti rọ̀ látìgbà yẹn ihò yẹn ló ń gbà jáde. Olè tí a jà ló dá ìyókù sí. Mi ò sọ èyí láti gbè lẹ́yìn ara mi o, ohun tí mo rí ni mo sọ. Ewé ti dí ihò náà dé ìdajì lọ́jọ́ yẹn. Ìka ọwọ́ ni mo fi kọ́kọ́ kó o, kí n tó fi irin gún un. Láti ìgbà náà, bí oṣù kẹta bá ti fẹ́ parí, kí òjò tó dé, mo máa ń lọ gún un.

Mo ka awẹ́ rẹ̀. Márùn-ún lọ, mẹ́ta bọ̀, ìyẹn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ipele méjì, awẹ́ mẹ́rìndínlógún ní ipele kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 47, ọ̀kan ò dín. Tó túmọ̀ sí pé táǹkì náà jẹ́ fíìtì 20 lóròó, 12 níbùú, 8 ní gíga. Omi tó lè gbà lé ní lítà 54,000. Táńkà epo tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà ń gbé 33,000. Ẹ da táńkà kan àtààbọ̀ sínú rẹ̀, kò ní tíì kún. Ìwúwo omi yẹn nìkan, láìka irin mọ́ ọn, tó àpò sìmẹ́ǹtì 1,080. Lórí ẹsẹ̀ mẹ́fà. Láìsí ojú jíjó kan ṣoṣo. Èmi tí mo máa ń bẹ oníbàárà pé kó kun sitánṣọ̀n táǹkì lítà 2,000 lọ́dún méjì méjì kó má bàa wó lé ọmọ wọn lórí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó.

Ẹsẹ̀ ló kàn láti yẹ̀ wò. Bí a ṣe ń yẹ irin wò nìyí: ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí etí. Irin tó lera á dáhùn, kan-an-an, ohùn rẹ̀ á gùn. Irin tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ á ní pò, bí ẹni lu igbá tó sán. Ẹsẹ̀ mẹ́rin dáhùn kan-an-an títí dé ilẹ̀. Méjì ń dáhùn kan-an-an bọ̀ láti òkè, nígbà tó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀, wọ́n ní pò. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti wó bo ìdí wọn, àwọn èèyàn ń da pàǹtí síbẹ̀, òjò kì í gbẹ níbẹ̀. Èmi àti ọmọ ọmọ Bàbá mú ṣọ́bìrì àti àdá, a kó gbogbo rẹ̀ kúrò títí kọnkéré ìpìlẹ̀ fi yọjú, a sì la ojú àgbàrá kékeré kan kí omi lè máa ṣàn lọ. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ó wúlò ju ọ̀dà yòówù kí ẹ rà lọ.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pẹ́ńtà ní òun á bá mi fi gíráíńdà họ gbogbo rẹ̀ mọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà pupa tó wà lábẹ́ ìpẹtà yẹn, òjé ló wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń kùn sára irin láyé ìgbà yẹn kó má bàa dípẹtà. Tí gíráíńdà bá sọ ọ́ di eruku, májèlé ni, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ dogoyárò á sì fà á símú. Bí ẹ bá fi gáàsì jó o, èéfín rẹ̀ burú jùyẹn lọ. Ní 2003, mi ò fi nǹkan kan bo imú. Orí fọ́ mi fún ọjọ́ méjì, ìyá mi ní oòrùn ló pa mí. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ bá ti dì mọ́ irin dáadáa, kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n kun tuntun lé e. Ibi tó bá ti ṣí, omi ni kí wọ́n fi rin ín kí wọ́n tó họ ọ́, kí eruku má fò. Ẹ̀yin wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ mi tó sì máa fẹ́ jó àfikún irin mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Bóòtù tó bá kú, bóòtù ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè tú ohun tí ẹ ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi mìíràn, tó ń ta páìpù lọ́jà Owódé, ní iṣẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni mò ń ṣe. Ó ní kí wọ́n ta irin náà, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún abúlé, àwọn èèyàn á rí omi mu ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo sì ti rò ó lóru. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta àkàbà, wọ́n ti ta ọ̀pá omi, wọ́n ti ta páìpù. Kànga wo ni wọ́n gbẹ́?

Mo tún fi Èsìẹ́ bá a wí. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, nítorí wọn ni wọ́n ṣe ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọ́ ère wọ̀nyẹn ta fún àwọn tó ń da kọnkéré. Ó ní ère kì í ṣe táǹkì, pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn dúdú ni ère. Mo ní ta ló ru irin táǹkì? Ta ló di bóòtù rẹ̀ ṣinṣin? Ta ló ń pọn omi sínú rẹ̀ lóru? Ó ní kí n má fi bàbá mi àgbà dẹ́rù ba òun. A ò tíì parí ẹ̀.

Nígbà tí mo lọ Èkó, mo yà sí Ebute Metta, nínú ọgbà rélùwéè, láti wo Jaekel House. Ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ni, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún un ṣe, ó sì ti di ibi tí wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè sí. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn àwòrán òṣìṣẹ́. Mo ń wá ojú kan níbẹ̀, mi ò rí i.

Ọmọbìnrin mi náà fi fóònù rẹ̀ hàn mí ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú kan tó ń jẹ́ Settle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n sọ táǹkì omi rélùwéè di ilé gbígbé. Ó ní ṣé a lè kó lọ síbẹ̀. Mo ní òkúta ni wọ́n fi mọ ìsàlẹ̀ tiwọn, ògiri ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; tiwa, afẹ́fẹ́ ló ń gbé abẹ́ rẹ̀. Àti pé ìyá rẹ̀ ò ní gun àkàbà.

Ohun tó ń kán mi lójú ni pé ojú irin tuntun ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, ìbú rẹ̀ jẹ́ 1,435 mílímítà. Tiwa tí àwọn òyìnbó ṣe jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ ti ọ̀kan ò lè rìn lórí èkejì. Lọ́jọ́ tí tuntun bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn èèyàn á wá wọn ilẹ̀, ohun tí kò bá sí nínú ìwé kankan, katakátá ló máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé kí ọkọ̀ tuntun má wá o. Àwa tí a ń wọ mọ́tò lọ Èkó mọ ohun tí ojú wa ń rí. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó máa mú máàpù dání rí i lórí máàpù rẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Òfin ti wà láti 1979 tó dá àjọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, ìjọba sì lè kéde nǹkan pé ó di ohun ìrántí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà jẹ́.

Mo ti kọ lẹ́tà. Ẹni tó ni táǹkì ni rélùwéè, kì í ṣe èmi, mi ò sì fẹ́ ṣe ohun tí ọkùnrin oní-sítáǹbù yẹn ṣe. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní kí n lọ sí èkejì. Èkejì ní kí n padà sí àkọ́kọ́. Nígbà tí mo padà, ọ̀gá kan bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Wẹ́dà, kí lèrè tìẹ níbẹ̀?" Fọ́ọ̀mù tó fún mi ní àyè fún orúkọ iléeṣẹ́, àyè fún iye owó, àyè fún ìbuwọ́lù. Kò sí àyè tí mo lè kọ Bàbá Pọ́ǹpù sí. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù.

Mi ò bèèrè ohun ńlá. Kí wọ́n má fi táìsì sí i nídìí, kí wọ́n má kun àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan sí i, kí wọ́n má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni lé e. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí ihò rẹ̀ máa là, kí wọ́n jẹ́ kí n dá àkàbà rẹ̀ padà. Mo ti ṣe àkàbà ọ̀hún. Ó wà lára ògiri ìṣọ́ọ̀bù mi láti oṣù kejì, àwọn oníbàárà sì ti fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Bóòtù ló máa fi dì mọ́ táǹkì, mi ò ní jó o. Fíìtì mẹ́jọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé yọ, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ Bàbá, kí àwọn ọmọdé má bàa gun òkè lọ já bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọ̀kadà lọ kí i, mo mú irin ìtọ́ka yẹn dání. Ó ti wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi láti 2003, láàárín àwọn búléèdì àti sípánà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò nu orí rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Pátákó ti jẹrà tipẹ́, ṣùgbọ́n ihò bóòtù rẹ̀ ṣì wà lára ẹsẹ̀ táǹkì, láti ibi tó bá orí èèyàn dọ́gba lọ sókè. Ó ní kí á fi wáyà dè é síbi tó máa ń wà.

Mo ní, "Bàbá, táǹkì ṣófo. Òkè ló yẹ kó wà."

Ó wo òkè, ó wo ọ̀kadà mi, ó tún wò mí. "Kí lo máa fi dé òkè?"

Àkàbà mi wà ní Ọ̀fà. Àkàbà táǹkì, mo ti gé e. Nísàlẹ̀ la dè é sí, ìlọ́po wáyà mẹ́ta. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ báyìí, tó sì mọ irin yẹn kà, á ní táǹkì kún.